Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà Ọdún Èṣí

Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún èṣí ni mo ya á sí,
pẹ́ńsù ọmọ ilé-ìwé, rúlà tó ti kán nídìí:
fíríjì wa nìyí, tó dúró bí ọlọ́pàá lẹ́nu ilé ìdáná,
àgbá bíà nìyí nínú ikùn rẹ̀,
ọ̀pá rọ́bà nìyí, ó ń gòkè lọ bí ejò tó gbọ́ òórùn ẹyin,
táàpù nìyí, níwájú, níbi tí ọwọ́ mi yóò ti tó o láìdìde.

Orúnkún ló bí ọ̀rọ̀ náà.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógójì ló wà láàrin iyàrá wa ní Èbúté-Mẹ́ta
àti ìsọ̀ Sísí Bẹ́nẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ń fa bíà látinú àgbá.
Sísọ̀kalẹ̀ kò ṣòro, òùngbẹ ń tì mí lẹ́yìn.
Gígòkè ni ogun: lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún mo máa ń jókòó,
àwọn ọmọdé á kọjá, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ kú ìsinmi.”
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.
Kí àgbá náà máa bọ̀ lókè.

Sàúbánà onífíríjì wá wò ó ní Sátidé.
Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ́tí bíi dókítà.
“Bàbá Tóyọ̀sí, ọ̀pá gáàsì ń bẹ lára rẹ̀ bí iṣan.
Bí ẹ bá lu ihò sí iṣan, òkú fíríjì lẹ ó sin.”
Ó wá kọ́ mi lọ́gbọ́n: ẹ po sítáàṣì mọ́ ògógóró,
ẹ fi kun ún lára, ẹ tan án, kí ẹ dúró.
Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ni iṣan wà.
Mo ra ìgò kékeré kan. Fíríjì mu ìdajì.
Ìdajì yòókù, ẹ má bi mí.

Táàpù wà ní Òwòdè Onírin. Ẹni tó ń tà á
ní ara ọkọ̀ òkun tó rì ni wọ́n ti tú u.
Mo ní ṣé kò ní máa pọ omi iyọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó fowó lé e.
Pákó ìdúró rẹ̀ kò le, Oko-Bàbá kò jìnnà,
èéfín wọn ń wọlé wá kí wa láràárọ̀.
Sílíńdà gáàsì, kì í ṣe èyí tí a fi ń dáná o,
èyí tó ń mú bíà hó ni,
ṣùgbọ́n ìyàwó mi gbọ́ “gáàsì”, ó ti gbé Bíbélì.
Iná ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti iná sílẹ̀ ná.
Mo dá igun kan sí nínú àwòrán,
mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ìbíwùmí ọmọ Ìkòròdú kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ní ọjọ́ kẹrin ó ṣí fíríjì, ẹja ló bá sọ̀rọ̀:
“Ẹ̀yin títù, ṣé ẹ ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀,
àlejò onírin, ìdí ràgàjì, tí kò ní san owó ilé?”
Mo ní ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi.
Ó ní ta ló ra fíríjì?
Mo dákẹ́. Owó àjọ rẹ̀ ni,
lọ́dún tí rélùwéè ní kí n máa lọ sílé.

Láàárọ̀ yìí mo mú rọ́bà ìpàwé,
mo ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán.
Ẹnìkan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù mi, ó ti fi tìróò ya òmíràn,
ó wọ́ díẹ̀, ó kọjú sí àga tó máa ń jókòó sí.
Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: SÓBÒ.
Ní igun tí mo dá sí fún iná,
ó kọ ọ́ kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i:
kí Tóyọ̀sí ra sólà.